Àbúrò Mi, Má Tíì Da Kóòdù Àtijọ́ Yẹn Nù

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo wà, áàpù fún àwọn alájọ la ń ṣe. Àwọn alájọ tó ń gba owó ní Tẹ́júoṣó, Òyìngbò àti Mùṣín ló ń fi kọ owó ojoojúmọ́ sílẹ̀. Bí àsìkò bá tó, áàpù á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì oníbàárà. Ẹni tó kọ kóòdù náà ti lọ sí Kánádà. PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, ló fi kọ ọ́, inú fáìlì kan ṣoṣo ló kó gbogbo iṣẹ́ ìsanwó sí, kò sí àlàyé kankan níbẹ̀, kò sí tẹ́sìtì, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ wo irú nǹkan tí mò ń bá pàdé: if (strlen($acct) == 9) $acct = '0' . $acct; ẹ tún wo èyí: if ($resp == '') $status = 'pending'; àti èyí: $t = time() + 3600; Kí ni gbogbo ìwọ̀nyí? Mo ní kí ọ̀gá mi fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n fi èdè ìgbàlódé tún gbogbo rẹ̀ kọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí n máa fi nǹkan tuntun kún un. Ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án, ó sì ń ṣe mí bíi pé ibí yìí máa ba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n máa tẹnu mọ́ ọn fún ọ̀gá ni, àbí kí n wá iṣẹ́ síbòmíràn?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi dáadáa, ìwọ nìkan kọ́ ló sì ń ṣe. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti ń japa, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ láti Yábàá dé Ìkẹjà ló ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ kò sí nílé mọ́. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ, nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀: kóòdù tí kò yé ọ, ọ̀gá tó jọ pé kò gbọ́ tìrẹ, àti ìbẹ̀rù pé bí o bá pẹ́ níbẹ̀ o ò ní mọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ mọ̀. Ọ̀rọ̀ kóòdù ni màá kọ́kọ́ mú, torí pé bí a bá tú ìyẹn, méjì yòókù á rọrùn láti tú.

Kọ́kọ́ ya "kò yé mi" sọ́tọ̀ kúrò lára "kò dára." Kóòdù ẹlòmíràn le láti kà ju kí èèyàn kọ tirẹ̀ lọ. Nígbà tí o bá ń kọ tìrẹ, ìdí gbogbo nǹkan wà lórí rẹ. Nígbà tí o bá ń ka ti ẹlòmíràn, ohun tó ṣe lo rí, o ò rí ohun tó mú un ṣe é. PHP náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wikipedia tí gbogbo ayé ń kà, PHP ló ń gbé e ṣiṣẹ́ títí di òní. Bí fáìlì kan bá gùn gbọọrọ, wàhálà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò sọ fún wa bóyá iṣẹ́ tó ń ṣe péye tàbí kò péye. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn alájọ ń lò ó, owó sì ń dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Jẹ́ ká wo ìlà mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí pé inú wọn gan-an ni ìdáhùn mi wà.

Ìlà àkọ́kọ́ ní bí nọ́ńbà àkáǹtì bá jẹ́ ẹyọ mẹ́sàn-án, kí ó fi òdo sí iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ní Nàìjíríà, NUBAN tí Báǹkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀, ẹyọ mẹ́wàá ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi òdo bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ọ́fíìsì bá tẹ orúkọ àti àkáǹtì àwọn oníbàárà sínú Excel, tí kò ṣètò ibẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ni kì í ṣe iye, Excel á gé òdo iwájú yẹn dànù láì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn lọ́jọ́ kan, tí ẹni yẹn sì wá ìwòsàn fún un kíá. Bí o bá tún gbogbo rẹ̀ kọ láìsí ìlà yẹn, áàpù tuntun rẹ á ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, á wá máa kọ̀ fún àwọn tí àkáǹtì wọn fi òdo bẹ̀rẹ̀. Irú àṣìṣe tó ń mú àwọn kan tó ń fi àwọn kan sílẹ̀ yìí ló máa ń gba èèyàn lásìkò jù láti wá rí.

Ìlà kejì ní bí èsì báǹkì ($resp) bá ṣófo, kí ó kọ 'pending', ìyẹn pé a ṣì ń retí èsì. Òun ló ń ṣọ́ owó ilé iṣẹ́ yín. Gbà pé àjọ ìyá aláta kan ní Òyìngbò ti pé, ₦40,000 ni. Áàpù yín ránṣẹ́ sí báǹkì pé kí wọ́n san án. Ìránṣẹ́ náà dé, báǹkì san án, álátì dún lórí fóònù ìyá. Nígbà tí báǹkì wá ń dáhùn pé àwọn ti san án, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Lọ́dọ̀ tiyín, èsì kò dé, òfìfo ni $resp. Ohun mẹ́ta ló lè ti ṣẹlẹ̀: ó lè jẹ́ pé ìránṣẹ́ náà kò tilẹ̀ dé báǹkì, ó lè dé kí báǹkì kọ̀ ọ́, ó sì lè dé, kí báǹkì sanwó, kó jẹ́ pé èsì nìkan ló sọnù lọ́nà. Láti ibi tí sáfà yín, kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù ró, wà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra wọn débi tí a kò lè yà wọ́n. Ẹni tí kò tíì fara gbá a rí á ní bí èsì ò bá ti dé, a jẹ́ pé kò bọ́ sí i, á kọ 'failed' síbẹ̀, áàpù á sì tún owó rán. Ìyá á gba ₦80,000. Ta ló máa lọ bá a lọ́jà láti gba ₦40,000 padà, nígbà tó ti fi ra ata?

Àwa tó ń so áàpù mọ́ báǹkì ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí yí láti 2011 tí NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, ti gbé ètò tíráńsífà NIP jáde, tí owó fi ń kúrò ní báǹkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó bébà wọ́n, tí gbogbo Èkó sáré sórí tíráńsífà, a rí 'pending' débi tó sú wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ áàpù owó ní Èkó ni èsì kò padà dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe yẹ. Ẹni tó kọ 'pending' síbẹ̀ mọ̀ pé òfìfo kì í ṣe "rárá." Ohun tó kù kí o wá nínú fáìlì yẹn ni ibi tí 'pending' ń lọ lẹ́yìn náà. Ó yẹ kí iṣẹ́ kan wà tó ń padà lọ bi báǹkì pé, "owó tí mo fi rẹ́fáráǹsì báyìí rán, ibo ló dé?" kó tó ṣe ohunkóhun. Wo rẹ́fáráǹsì náà, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá owó kọ̀ọ̀kan tí a rán mọ̀, fínnífínní. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣẹ̀dá rẹ̀, kí wọ́n fi pamọ́ sínú dátábéèsì kí ìránṣẹ́ tó kúrò nílé, kó sì jẹ́ òun kan náà ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá tún un rán. Bí o bá rí i pé tuntun ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìgbà, àbùkù gidi nìyẹn, torí báǹkì á kà á sí owó mìíràn. Òun ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, ṣáájú ohun gbogbo tí ọ̀gá rẹ ń béèrè.

Ìlà kẹta, time() + 3600, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 3600 kún àkókò ìsinsìnyí, jẹ́ irú mìíràn, torí pé ó fi hàn pé nǹkan lè ní ìdí tó dára kí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é má dára. Aago wa ní Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago ìpìlẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò, a kì í sì yí i padà ní ìgbà kankan nínú ọdún. Sáfà tí èèyàn bá yá lókè òkun, UTC ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 3600 ni wákàtí kan. Nítorí náà, alájọ tó bá dé ilé, tó jẹun tán, tó wá jókòó kọ owó tó gbà sílẹ̀ ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru, sáfà á kọ ọ́ sí ọjọ́ tó kọjá bí ìlà yẹn kò bá sí. Nínú àjọ, ọjọ́ kan kì í ṣe ohun kékeré. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni alájọ ń mú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, bí ọjọ́ bá sì ṣí láti oṣù kan bọ́ sí òmíràn, ìjà dé nìyẹn. Ohun tó mú un kọ ọ́ dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá lọ ṣètò PHP sí Africa/Lagos, ìyẹn aago Nàìjíríà, lọ́la láì yọ 3600 yẹn, owó tí wọ́n kọ ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ á bọ́ sí ọjọ́ kejì. Bó bá sì jẹ́ pé $t náà gan-an ló ń wọ dátábéèsì, a jẹ́ pé gbogbo àkókò tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí áàpù ti bẹ̀rẹ̀ ló fi wákàtí kan ṣíwájú òótọ́. Bí o bá yọ 3600 lónìí láì ṣe nǹkan sí àwọn ti àtijọ́, àkọsílẹ̀ àná àti ti òní ò ní bára mu mọ́. Ó ṣeé tún ṣe, ó sì yẹ kí o tún un ṣe. Àmọ́ yan ọjọ́ fún un, kí o kọ́kọ́ tọ́jú dátábéèsì sí ibòmíràn, kí o ṣètò aago, kí o yọ wákàtí kan kúrò nínú àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́, kí o sì mú 3600 kúrò nínú kóòdù, kí gbogbo rẹ̀ parí lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọjà ti tú.

Ṣé o rí i báyìí? Nínú ìlà mẹ́ta tí o fi ṣe ẹ̀rí pé kóòdù náà kò dára, ọ̀kan ń gba àwọn oníbàárà lọ́wọ́ Excel, ọ̀kan ń gba ilé iṣẹ́ yín lọ́wọ́ gbèsè, ọ̀kan nílò àtúnṣe ṣùgbọ́n ìdí wà fún un. Ní Èkó a máa ń sọ fún ọmọ tó bá gbọ́n pé orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ nǹkan kan sílẹ̀, tó sì san owó oníkálukú láì ṣì. Ẹni tó lọ sí Kánádà yẹn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ló kó ohun gbogbo sí, ó sì ti gbé orí náà lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù fún yín nínú ohun tó mọ̀ ni ohun tó wà nínú fáìlì burúkú yẹn. Bí o bá dà á nù kí o tó kà á tán, o ti da ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ní nù.

Èyí ló fà á tí títún-gbogbo-rẹ̀-kọ kì í fi í bọ́ sí i bí àwa tó ń kọ kóòdù ṣe máa ń rò. Nígbà kan, burawúsà Netscape ló wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo èèyàn. Ẹ̀yà kẹrin jáde ní 1997. Lẹ́yìn èyí wọ́n pinnu láti tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà karùn-ún kò jáde rárá, ìparí 2000 ni ẹ̀yà kẹfà tó dé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Microsoft ń gbé Internet Explorer tuntun jáde, àwọn èèyàn sì ń ṣí lọ. Kí n má parọ́ fún ọ, iṣẹ́ náà kò ṣègbé pátápátá, torí inú kóòdù tí wọ́n kọ yẹn ni Firefox ti wá jáde ní 2004. Àmọ́ Netscape fúnra rẹ̀ kò rí èrè rẹ̀ jẹ. Lọ́dọ̀ wa níbí, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá 2024, àwọn báǹkì ńlá mélòó kan pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé gbogbo iṣẹ́ wọn ró, ìwọ náà á sì rántí bí àwọn oníbàárà ṣe ń tẹ fóònù tí owó ò lọ, tí wọ́n ń tò sí ẹnu ọ̀nà báǹkì. Wọ́n lówó, wọ́n ní èèyàn, wọ́n sì ti múra sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ìwọ nìkan lo fẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe tìrẹ.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í ṣírò mọ́ ọn. Bí o ṣe ń kọ tuntun, àtijọ́ kò ní dúró dè ọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì kan lápá Broad Street tí wọ́n ti pín wa sí ọ̀nà méjì, àwọn kan ń kọ tuntun, àwọn kan ń tọ́jú àtijọ́. Oníbàárà ń béèrè nǹkan lójoojúmọ́, wọ́n ń ṣe é sínú àtijọ́, àwọn tó ń kọ tuntun náà ní láti tún un ṣe. Bí tuntun bá fẹ́ bá a, àtijọ́ á tún ti lọ síwájú. Nígbà tó yá, méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn oníbàárà kan wà níhìn-ín, àwọn kan wà lọ́hùn-ún, ẹni tó ń gbé fóònù ní kọ́sítọ́mà kíà kò sì mọ ibi tó yẹ kó wò. Kò sẹ́ni tó ya ọ̀lẹ nínú wa. Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ ni kò lè yọrí.

Nítorí náà, mo gba tọ̀gá rẹ rò. Lójú tirẹ̀, ohun tí o ń béèrè ni pé kó san owó oṣù mẹ́ta, kó san owó sáfà tó ń gòkè bí dọ́là bá ti gòkè, kó má rí nǹkan tuntun kankan fi han àwọn alájọ, kó wá gba áàpù kan tó máa ṣe ohun tí èyí tó wà ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin. Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà á kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kò jàre tán. Ìbẹ̀rù rẹ kì í ṣe ojo. Kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn jẹ́ ewu, ewu náà sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń fi nǹkan kún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2012, ilé iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà, tó ń ra ṣíà tó sì ń tà á, gbé kóòdù tuntun sórí àwọn sáfà rẹ̀. Mẹ́jọ ni sáfà náà, wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Kóòdù àtijọ́ kan tí wọn kò lò mọ́ ṣì wà lórí ọ̀kan yẹn, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra, ó ń tà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, wọ́n ti pàdánù owó tó lé ní 440 mílíọ̀nù dọ́là. Kóòdù tó ti kú tí wọn kò sin ló dá wọn lóró, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ gbé kóòdù sórí sáfà láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú fáìlì tiyín náà, ó dájú pé àwọn ibi kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá mọ́. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o máa kó nǹkan tuntun lé e láì tún nǹkan kan ṣe, òun náà ń yá owó tí kò mọ iye èlé rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo máa gbà rèé bí ó bá jẹ́ èmi. Kí o tó yí ìlà kan padà, fi gbogbo rẹ̀ sínú git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tó bá kóòdù, bí kò bá tíì sí níbẹ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ka git log àti git blame, tó ń sọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó kọ ọ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ìgbà míì, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ẹni náà kọ lọ́jọ́ tó fi ìlà kan síbẹ̀ á sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Lẹ́yìn náà, pè é. Bó bá wà lápá Toronto, aago wọn fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa, ìrọ̀lẹ́ wa ni ọ̀sán wọn. Má bá a ṣe àròyé nípa kóòdù rẹ̀ o. Kí i dáadáa, bi í nípa ibi méjì tàbí mẹ́ta pàtó, kí o sì kọ ohun tó bá sọ sínú kóòdù níbẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dùn mọ́ nínú tí ẹnìkan bá bi wọ́n nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kí o tún jókòó ti àwọn tó ń gbé fóònù oníbàárà fún ọjọ́ kan, kí o sì bá alájọ kan rìn lọ́jà láti àárọ̀. Wàá rí i pé ó ń gba owó lọ́wọ́ ogún èèyàn kí ó tó tẹ ẹyọ kan sínú fóònù, torí oòrùn mú ojú fóònù, ọwọ́ rẹ̀ sì kún. Ìdí tí áàpù fi ń gba owó púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà á yé ọ lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́sìtì ló kàn. Má kọ èyí tó ń sọ ohun tó yẹ kí kóòdù ṣe. Kọ èyí tó ń sọ ohun tó ń ṣe báyìí, àti dáadáa àti burúkú rẹ̀. Mú àwọn àkọsílẹ̀ tó ti kọjá, fi wọ́n gba inú kóòdù, kí o sì fi èsì wọn pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan kò lè yí láì jẹ́ pé o mọ̀. Má kó orúkọ, BVN àti àkáǹtì gidi ti àwọn oníbàárà sórí láptọ́ọ̀pù rẹ nítorí èyí. Pààrọ̀ wọn ná, torí láti 2023 ni òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà, yàtọ̀ sí pé owó àwọn èèyàn ni. Wá àwọn ọ̀ràn tó ṣòro sínú tẹ́sìtì rẹ: àkáǹtì tó fi òdo bẹ̀rẹ̀, owó tí wọ́n kọ ní òru, èsì tí kò dé. Fi orúkọ tó ní àmì kún un pẹ̀lú. Lẹ́tà bíi Ọ̀, Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un. Fóònù kan lè fi Ọ àti àmì ohùn kọ ọ́, òmíràn á fi O, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn kọ ọ́. Lójú wa orúkọ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, oníbàárà méjì ni wọ́n, àfi bí o bá sọ wọ́n di irú kan kí o tó fi wọ́n wéra. Wo bí owó ṣe wà nínú dátábéèsì náà. Bó bá jẹ́ float, irú nọ́ńbà onídẹ́símà tí kì í péye tán, ni wọ́n fi tọ́jú náírà, rántí pé lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà 0.1 + 0.2 jẹ́ 0.30000000000000004. Kọ́bọ̀ ni kí ẹ máa kà, ní odidi nọ́ńbà.

Ìgbà yẹn lo tó lè máa yọ fáìlì náà ní díẹ̀díẹ̀. Mú apá kan tó ń dun àwọn èèyàn jù, ká ní ìrísíìtì tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí fóònù, má fi ìsanwó bẹ̀rẹ̀. Kọ tuntun rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, jẹ́ kí àtijọ́ àti tuntun jọ ṣiṣẹ́ lórí ohun kan náà, kó jẹ́ ti àtijọ́ ni oníbàárà ń rí, kí o máa fi èsì méjèèjì wéra. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Bí wọ́n bá ti bára mu fún àsìkò tó tó, tó sì ti la ìparí oṣù kọjá, yí i sí tuntun, fi ohun tó máa jẹ́ kí o lè yí i padà kíákíá síbẹ̀, kí o sì pa àtijọ́ rẹ́ tán. Ẹ má ṣe fi òkú sílẹ̀ nínú ilé. Nígbà tó bá kan ìsanwó, ìwọ gan-an á ti mọ̀ ju bí o ṣe mọ̀ lónìí lọ. Èdè tí o bá fi kọ apá tuntun kò ṣe pàtàkì tó bí o ṣe rò.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé AI á tún gbogbo rẹ̀ kọ fún ọ ní ọjọ́ kan. Lò ó o, èmi náà ń lò ó, ó dára púpọ̀ láti ṣàlàyé ìlà tó díjú àti láti kọ tẹ́sìtì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ló ń rí. Kò mọ ìyá aláta, kò mọ ọjọ́ tí Excel gé òdo, ó sì lè wo 'pending' yẹn kí ó tún un ṣe sí 'failed' pẹ̀lú ẹnu dídùn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ṣá. Ìgbà wà tí títún gbogbo rẹ̀ kọ tọ́: bí nǹkan náà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí o lè kà á tán tí o sì lè sọ gbogbo ohun tó ń ṣe, bí iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe bá ti yí padà pátápátá, tàbí bí ohun tó dúró lé bá ti kú. Nítorí ìkẹyìn yìí, yẹ ẹ̀yà PHP yín wò lónìí. PHP 5.6 kò gba àtúnṣe ààbò mọ́ láti ìparí 2018, 7.4 náà láti oṣù kọkànlá 2022. Bí ẹ bá wà lórí irú bẹ́ẹ̀, tí owó àwọn èèyàn sì ń gbà á kọjá, gbígbé e dé ẹ̀yà tuntun kì í ṣe ohun tí ọ̀gá lè sọ pé kí ẹ fi dọ̀la. Ìyẹn náà kò sì gbà kí ẹ da kóòdù nù. Kó ṣí lọ sí PHP tuntun ni.

Ní ti kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò rí fáìlì náà, mi ò mọ ọ̀gá rẹ, nítorí náà mi ò ní pàṣẹ fún ọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé iṣẹ́ yìí kò lè ba iṣẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Nígbà tí mo bá ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹni tó ti fi ohun tuntun bẹ̀rẹ̀ látorí òfìfo pọ̀ lọ súà. Ẹni tó lè sọ fún mi bí òun ṣe gba kóòdù tí kò ní àlàyé, tí owó ń gbà á kọjá lójoojúmọ́, tó sì tún un ṣe láì jẹ́ kí owó ẹnikẹ́ni sọnù, òun ló ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ààlà wà. Bí o bá ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ pé ẹ nílò git, pé ẹ nílò bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà dátábéèsì tí ẹ fi pamọ́, tí ẹ ti dánwò pé ó ṣeé dá padà, pé rẹ́fáráǹsì tó ń yí padà lè mú kí ẹ san owó lẹ́ẹ̀mejì, tó sì kọ gbogbo rẹ̀, wá iṣẹ́ síbòmíràn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, orúkọ tìrẹ ni wọ́n máa pè, ti ẹni tó wà ní Kánádà kọ́.

Bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ má ṣe béèrè oṣù mẹ́ta. Sọ fún un pé nínú ọjọ́ márùn-ún iṣẹ́, o fẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ti àtúnṣe, pé àtúnṣe tí kò ní jẹ́ kí owó sọnù ni wàá fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì mú ìtàn ₦40,000 àti ₦80,000 yẹn dání. Owó yé ọ̀gá ju èdè kóòdù lọ. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi pé ẹ̀yà PHP wo lẹ ń lò, àti bóyá rẹ́fáráǹsì yẹn ń yí padà nígbà tí wọ́n bá tún owó rán. Ìdáhùn méjèèjì yẹn ló máa sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.